Òkúta Kan fún Ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà-Iṣu

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí, ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́: "Èkìtì ọ̀hún ti rí?" Mo ti fún àwọn tó sún mọ́ mi ní iṣu, mo rò pé iṣu náà á bá mi dáhùn. Kò dáhùn tó. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, nítorí ẹ̀yin náà mọ̀ mí: bí wọ́n bá rẹ́ mi jẹ, mi ò kì í gbàgbé ọjọ́, mi ò kì í gbàgbé ibi tó ti ṣẹlẹ̀, mi ò sì kì í gbàgbé àwọ̀ ẹ̀wù tí ẹni náà wọ̀. Ẹ̀bi tèmi náà wà nínú ìròyìn yìí. Èmi fúnra mi ni n ó kà á.

Ìyá ìyàwó mi ló fa ìrìn-àjò náà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni Màmá, lẹ́bàá Ìkọ̀lé, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń bá wa jẹ ẹja létí ọ̀sà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ṣì wà lọ́hùn-ún, ní abúlé oko kan lẹ́yìn ìlú. Ọdún méjìlá gbáko ni àwọn méjèèjì kò fojú kan ara wọn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa tó lọ sí Ìkọ̀lé mú lẹ́tà bọ̀, èyí tí olùkọ́ kan bá Ìyá Àgbà kọ:

"Àbúrò mi, ojú mi ń lọ. Bí oòrùn bá wà lókè, mo ṣì ń rí ènìyàn. Bó bá ti ń wọ̀, ohùn ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Dókítà ní kò ní pẹ́ tí ọ̀sán á fi dà bí òru fún mi. Bí o bá fẹ́ kí n tún rí ojú rẹ, wá. Má fi dọ́la."

Màmá ò sunkún. Ó ká lẹ́tà náà, ó dì í sí igun ìró rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ọkọ Bísí, ṣé mọ́tò yín á lè gun òkè?"

Mo ní á gùn ún, a ó sì débẹ̀ kí oòrùn tó yí. Ẹ rántí pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ibodè kìíní

A ránṣẹ́ ọjọ́ tí a ó dé sí Ìyá Àgbà; ìdájí ọjọ́ náà la kúrò nílé. Nígbà yẹn, ìjọba kò tíì wó àwọn tógéètì ojú títì. Ẹ ṣì rántí bí wọ́n ṣe rí: àwọn ilé kéékèèké tó tò bí ilé ẹyẹlé, igi gbọọrọ tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun, àti èyí tó ti kán tí wọ́n fi okùn so. Ní àkọ́kọ́ tí a bá lójú ọ̀nà márosẹ̀, mo san owó mi. Ọmọbìnrin tó gbà á jù ú sínú àpótí, ó gbé igi sókè.

"Tíkẹ́ẹ̀tì mi ńkọ́?"

"Ẹ máa lọ, sà."

"Mo ní tíkẹ́ẹ̀tì mi."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Bọ̀dá yìí, ṣé ẹ fẹ́ fi jẹ búrẹ́dì ni?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Awakọ̀ tírélà kan yọ orí síta: "Ọ̀gá tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí ọ̀nà lọ! Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún ara yín!"

Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀ṣẹ̀ wọn bó ṣe yẹ. Owó tí a san láìgba ìwé, kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí àpò tó bọ́ sí. Ìyẹn ọ̀kan. Ihò kan wà níwájú tógéètì náà gan-an, kò tó ogún ẹsẹ̀ bàtà sí ibi tí wọ́n ti ń gba owó àtúnṣe ọ̀nà. Omi inú rẹ̀ ti pẹ́ débi pé ọ̀pọ̀lọ́ ti bímọ síbẹ̀. Ìyẹn èkejì. Ẹ̀kẹta, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níṣojú àna mi. Mo paná mọ́tò. Mo ní mi ò kúrò. Ọ̀gá wọn jáde, ó ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Wọ́n wá kọ́kọ́rọ́ àpótí tíkẹ́ẹ̀tì tì. Wọ́n wá a títí, wọ́n rí i, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n já tíkẹ́ẹ̀tì kan fún mi. Mo gbé e sókè wò nínú oòrùn, mo fi í sápò. Inú mi dùn bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n oòrùn tí mo fi yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò yẹn, ó ti gòkè kọjá ibi tí mo fi í sí.

 Màmá ń bó ẹ̀pà.

Ibodè kejì

Ní èkejì, wọ́n ní ìwé. Ṣéńjì ni wọn ò ní. Ọkùnrin kan tó wọ fìlà aláwọ̀ ewé gba owó mi, ó fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì kọ ojú sí ẹlòmíràn.

"Ṣéńjì mi."

"Kò sí o. Ẹ gbà á tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ mi."

"Kí lorúkọ yín?"

Ó fi ọwọ́ bo báàjì àyà rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ tó fi bo orúkọ ara rẹ̀ yẹn ló bí mi nínú jù. Mo wa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo jókòó tì í. Mo ń wò ó bí àwọn mọ́tò ṣe ń kọjá tí owó kéékèèké ń wọlé fún un, tó sì ń ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Ó lé ní wákàtí kan kí ó tó kó ṣéńjì mi wá, owó tó gbó, tó ya, bí ewé tí ewúrẹ́ ti fi ẹnu kàn.

Àárín ìgbà tí a ń dúró ni Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ọkọ Bísí, oòrùn ń lọ."

"Màmá, ẹ̀tọ́ wa ni."

"Ẹ̀tọ́ ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n mi ò ní ṣéńjì."

Mo gbọ́ ọ, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo gbọ́ ọ ketekete. Síbẹ̀ mo dúró gba owó náà. Ẹ̀bi tí mo ní n ó kà nìyẹn.

Òkè

A bí mi sétí omi. Ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni mo mọ̀, tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá dúró síbi kan, á rí ẹni tó ń bọ̀ títí tí tọ̀hún á fi dé. Lẹ́yìn Àkúrẹ́, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Àpáta dúdú tó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ dúró sẹ́yìn ilé àwọn ènìyàn bí ẹran ọ̀sìn tí wọ́n so mọ́ èèkàn, kò sì sí ẹni tó ń wò ó. Èmi nìkan ni mò ń la ẹnu.

Ní Ìfàkì mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà. Kò nàka. Ó gbé táyà sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó kí Màmá, ó kí mi, ó béèrè àwọn ọmọ, ó ní ṣé a jẹun, nígbà náà ló tó sọ ọ̀nà, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní Ìkọ̀lé, mọ́tò gbóná. Obìnrin kan tó ń sun iṣu lẹ́bàá ọ̀nà gbé kẹ́ẹ̀gì omi wá kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Mo na owó sí i.

"Kí lẹ fẹ́ fi rà?"

"Owó omi yẹn ni, Màmá."

Ó wo Màmá tiwa bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ara mi yá. "Ọmọ ibo rè é?"

"Ará etí ọ̀sà ni," Màmá dáhùn.

"Há! Abájọ. Ṣé òótọ́ ni pé orí omi lẹ ń sùn?"

"Rárá o," mo ní, "ẹja nìkan ló ń sùn síbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín títí, ó fi iṣu sísun kan lé e fún wa.

Ohun kan wà tí mi ò retí. Láti Ọ̀yẹ́ ni ẹnu Màmá ti ń yí. Ilé di ulé, iṣẹ́ di uṣẹ́. Nígbà tí a fi dé Ìkọ̀lé, òun àti oníṣu yìí ń sọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ ìlàjì rẹ̀, wọ́n ń lu ara wọn léjìká. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún tí mo ti mọ Màmá nìyẹn, mi ò rí i kó sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó yé mi pé nílé wa, láàárín wa, ní gbogbo ogójì ọdún yẹn, obìnrin yìí ti ń ṣe àlejò. Èmi ni ipò yẹn wá kàn lọ́jọ́ náà.

Ibodè tí kò ní oníbodè

Ọ̀nà oko la gbà lẹ́yìn Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, ilẹ̀ pupa láàárín ebè iṣu. Oòrùn ti ń sún mọ́ orí òkè. Mo ti múra sílẹ̀ fún ihò, mi ò rí. Ọ̀nà náà tẹ́ ju márosẹ̀ tí mo sanwó lé lórí lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí mo ti ń yìn ín lọ́wọ́ ni mo ti bá ọparun kan tó dábùú rẹ̀.

Igbá kan wà lórí àpáta lẹ́bàá ọ̀nà, owó wà nínú rẹ̀, wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ. Lára pákó kan, wọ́n fi èédú ya mọ́tò, wọ́n fa ilà mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀; wọ́n ya alùpùpù, ilà kan; wọ́n ya ẹsẹ̀ ènìyàn méjì, wọn ò fa nǹkan kan sábẹ́ ìyẹn. Òkìtì òkúta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù ọwọ́. Kò sí ènìyàn.

Mo fọn fèrè.

"Ta lẹ ń fọn ọ́n sí?" Màmá béèrè.

"Ẹni tó máa gba owó."

"Ugbá ló ń gbà á. Ilà kan, náírà mẹ́wàá."

"Màmá, igbá ò lè fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì."

Mo tún fọn ọ́n. Mo lè gbé ọparun kí n kọjá, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe olè. Mo lè san án, ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún náírà ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣéńjì wà nínú igbá, ó mọ́ tónítóní. Èmi tí mo jókòó ju wákàtí kan lọ de ṣéńjì, ó wà níwájú mi, ọwọ́ mi ò gbé e. Inú ewéko ni mo ń wò. Ó dá mi lójú pé ẹnìkan lúgọ síbẹ̀, tó ń retí kí n na ọwọ́ kó lè kígbe olè. Ẹlẹ́rìí ni mo ń wá. Mo fọn fèrè nígbà kẹta, gígùn.

Bàbá kan jáde wá láti inú oko, ọkọ́ léjìká, ilẹ̀pa dé orúnkún. "Ẹ kú ọ̀nà o. Kí ló ṣe mọ́tò yín?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Ṣé ẹ̀yin ni oníbodè?"

"Èmi kẹ̀? Ebè ni mò ń kọ."

"Ta ló wá ń ṣọ́ owó yìí?"

"A kì í ṣọ́ iṣu tá a tẹ́ sẹ́bàá ọ̀nà. Owó la ó wá máa ṣọ́?"

"Bí olè bá kó o ńkọ́?"

Ó rò ó díẹ̀. "Ẹnìkan kó o rí. Ọ̀nà yìí náà ló gbà padà wálé."

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ṣéńjì fún un. Ó wo igbá, ó wò mí, ó wo Màmá. "Ẹ pè mí láti ìdí ebè pé kí n wá wo ọwọ́ yín?" Ó yíjú padà, ó gbé ohùn sókè: "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu o! Àlejò ni! Ṣéńjì ló ń bà á lẹ́rù!"

Ẹ̀rín bú jáde láti inú oko mẹ́ta. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyìíká mi. Kò sì sí ìkankan nínú wọn tó ti ń wò mí tẹ́lẹ̀.

Mo fi ọgọ́rùn-ún sínú igbá, mo mú àádọ́rin. Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Mo ní, "Bàbá, tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú òkúta méjì lórí òkìtì, ó fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, ó fún Màmá ní èkejì. "Tíkẹ́ẹ̀tì yín rè é. Ẹ máa rí ibi tí omi ti ń wọ́ ọ̀nà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú. Ẹ jù ú síbẹ̀. Owó inú igbá, símẹ́ǹtì afárá la fi ń rà. Ẹni tí kò bá lówó, òkúta mẹ́wàá ló ń gbé." Ó gbé ọparun fún wa fúnra rẹ̀, ó sì padà sídìí ebè rẹ̀.

Mo jẹ́wọ́: ní gbogbo ayé mi tí mo ti ń sanwó ọ̀nà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ ibi tí owó mi ń lọ.

Ṣùgbọ́n oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Nígbà tí a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, Màmá ju tirẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó bọ́ sínú ihò gẹ́lẹ́. Èmi tí mo ti dúró nítorí ohun gbogbo láti àárọ̀, mi ò dúró níbẹ̀. Mo tẹ iná mọ́tò. Òkúta tèmi wà lórí itan mi.

Ohùn rẹ nìyí

A bá Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà, lórí àga onígi. Wọ́n sọ fún wa pé láti àárọ̀ ló ti ń ní kí wọ́n sún àga náà tẹ̀lé oòrùn: ó kọ́kọ́ wà lábẹ́ igi obì, ó dé iwájú ilé ìdáná, ó wá kángun sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ kẹ́yìn sí. Nígbà tí a fi paná mọ́tò, ìmọ́lẹ̀ náà ti lọ. Àwa tí ojú wa dá ṣáṣá ṣì ń rí ara wa. Òun kò rí.

Màmá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó pè é. Ìyá Àgbà na ọwọ́ méjèèjì, ó di orí rẹ̀ mú, ó gbé e síhìn-ín, ó gbé e sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń wá ibi tí fèrèsé wà lára ilé.

"Ohùn rẹ nìyí," ló sọ. "Ojú rẹ dà?"

 Mo dúró lẹ́yìn wọn, tíkẹ́ẹ̀tì méjì wà lápò mi.

"Ó di àárọ̀ ọ̀la," Màmá ní.

"Bí àárọ̀ bá fẹ́ fún mi ni," Ìyá Àgbà dáhùn. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ náà, wọ́n ní, tí ilẹ̀ mọ́ tí kò mọ́ fún un.

Wọ́n gba ẹja gbígbẹ tí a kó bọ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀ yí ká ilé, wọ́n pe àwọn aládùúgbò wá gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n fún mi ní yàrá tó dára jù. Oorun ò tètè kùn mí.

Odó ló jí mi. Kí àkùkọ tó kọ tán, gbogbo abúlé ti ń gún iyán. Àárọ̀ kùtùkùtù, ẹ̀yin ará mi, nígbà tí àwa ń wá ẹ̀kọ àti àkàrà! Mo jáde. Kùrukùru ti bo òkè, ó sọ̀ kalẹ̀ dé orí páànù, funfun báláú, tí mi ò fi rí mọ́tò mi. Wọ́n ti gbé Ìyá Àgbà jókòó sábẹ́ igi obì, Màmá sì wà níwájú rẹ̀ lórí àpótí, ọwọ́ wọn wà nínú ara wọn.  A dúró. Àwọn tó ń gúnyán pàápàá gbé ọmọ odó dúró. Mo ti dúró de ọ̀pọ̀ nǹkan láyé mi, mo sì ti bínú bí mo ṣe ń dúró. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tí mo lè bínú sí àyàfi ara mi.

Kùrukùru ya. Oòrùn bọ́ sórí àwọn méjèèjì.

Ìyá Àgbà ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Ó fa Màmá sún mọ́ ọn.

"Háà," ló ní. "Ta ló gba eyín iwájú rẹ?"

"Àgbàdo ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ti wọlé. Irun rẹ funfun ju tèmi lọ! Ìwọ náà ti darúgbó. Mo ti rò pé èmi nìkan ni."

Nígbà náà ni Màmá tó sunkún, tó sì ń rẹ́rìn-ín, a ò mọ èyí tó ṣáájú. Ìyá Àgbà ń wò ó, ó ń wò ó, kò jẹ́ kó fi ọwọ́ nu ojú, ó ní ó ń dí òun lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ pẹ́ lọ́nà lánàá. Kí ló dá yín dúró?"

 Mo retí kí Màmá sọ ọ́; ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ó wò mí fẹ̀rẹ̀.

"Ọkọ ọmọ mi ń bá wọn tún ọ̀nà ṣe ni."

Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí mi láti kí mi kú iṣẹ́. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo yọ òkúta náà lápò ṣòkòtò, mo gbé e lé e lọ́wọ́, mo ní, "Ìyá Àgbà, mi ò tún nǹkan kan ṣe."

Ó gbé òkúta náà súnmọ́ ojú, ó yí i wò. "Èyí ò tíì dé ibi tó ń lọ," ó ní. "Ẹ lọ fi í síbẹ̀, kí iyán tó tutù."

Mo fi ẹsẹ̀ rìn ín. Mo fi òkúta náà sínú ihò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Màmá, mo fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó lè wọlẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti bu iyán fún mi, gíga bí àpáta Èkìtì, ẹja wa nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wọn. Mi ò bi wọ́n léèrè ìdí tí a fi ń jẹ iyán láàárọ̀ mọ́.

Nílé

Mo fi Màmá sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo ń dá nìkan bọ̀, ọmọbìnrin ibodè kìíní dá mi mọ̀. Ó fi tíkẹ́ẹ̀tì lé mi lọ́wọ́ kí n tó sanwó. "Ọ̀gá onítíkẹ́ẹ̀tì, ẹ káàbọ̀!" Ihò ọlọ́pọ̀lọ́ ṣì wà níbẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà sí ìjọba lórí rẹ̀, ojú ewé mẹ́rin, orí tábìlì mi nílé ni mo sì ti kọ ọ́, ní àkókò ara mi.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Màmá tó dé. Ojú Ìyá Àgbà ti ṣú pátápátá, ó ní, ṣùgbọ́n kò sí àlejò tó wọ ulé tí kò ní ròyìn fún: bí irun àbúrò òun ṣe funfun tó, bí eyín rẹ̀ ṣe yọ, ibi tí omijé gbà kọjá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ojú kan tó rí kẹ́yìn dáadáa nìyẹn, kò sì fẹ́ kí ó parẹ́.

Àwọn tíkẹ́ẹ̀tì mi wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Mo wò wọ́n lánàá. Yíǹkì orí wọn ti ń parẹ́, a kò lè ka ọjọ́ tó wà lára wọn mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, mo lè sọ ibi tí òkúta mi wà fún un.